Ọ̀pá Mẹ́rin ní Ìdúmàgbò

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara bọ́ọ̀dù ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ẹbúté Ìmọ̀, ariwo tó sọ nínú ọgbà pọ̀ débi pé àwọn tó ń ta bàtà lójú títì wá yọjú lẹ́nu géètì. Wọ́n rò pé ìjà ló bẹ́. Ìjà kọ́. Mísítà Herbert, tíṣà jọ́gíráfì, ló lẹ ìwé kan síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń ti ara wọn kí kálukú lè ka ẹgbẹ́ tó bọ́ sí.

Sàfúrátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gba abẹ́ apá àwọn tó ga jù ú lọ kọjá títí ó fi dé iwájú. Ó wá orúkọ rẹ̀, ó rí i. Ó wo orúkọ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Raymond. Christabel. Ọmọ bọ́dìn ni àwọn méjèèjì.

Ẹni tí kò mọ Ẹbúté Ìmọ̀ lè béèrè pé kí ló wá burú níbẹ̀. Sukúù aládàáni ni, kò jìnnà sí Pópó Àgùdà, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń kàwé níbẹ̀. Àwọn ọmọ bọ́dìn, tó ń sùn nínú ọgbà, wá láti Abuja, láti Jos, láti Ìlọrin. Àwọn tó ń ti ilé wá, ọmọ inú Erékùṣù Èkó ni wọ́n. Inú kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, ṣùgbọ́n bí agogo oúnjẹ bá ti lù, oníkálukú a yà sí agbo tirẹ̀. Àwọn ọmọ bọ́dìn ń pe àwọn tó ń tilé wá ní Àlọ-Àbọ̀. Àwọn Àlọ-Àbọ̀ náà kò gbà fún wọn, Adìẹ Inú Àgò ni wọ́n ń pe tiwọn. Raymond, ọmọkùnrin gíga kan tí òbí rẹ̀ wà ní Abuja, ló sì máa ń fi Àlọ-Àbọ̀ kọrin jù.

"Ìwọ ni Sàfúrátù?" Ohùn Raymond ni, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. "Ṣé o mọ máàpù kà?"

"Mo mọ Ìsàlẹ̀ Èkó," ni Sàfúrátù fi dá a lóhùn.

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Mísítà Herbert pàtẹ́wọ́. Ọmọ Àgùdà paraku ni ọkùnrin náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa Èkó tí ojú rẹ̀ kì í tàn.

"Ẹ gbọ́ mi! Ògiri ńlá tó wà nínú họ́ọ̀lù wa, funfun báláú ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kùn ún. Máàpù Ìsàlẹ̀ Èkó ni a máa yà síbẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni dà kọ láti inú fóònù o. Èyí tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọ̀n ni mo ń wí. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la, ẹgbẹ́ mẹ́fà, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta, yóò jáde láti ẹnu géètì yìí. Ibi mẹ́ta ni ẹ máa lọ, ohun mẹ́ta ni ẹ máa mú bọ̀. Kò sí fóònù, kò sí ọkọ̀, kò sí ọ̀kadà. Tíṣà kan máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ewu má bàa wu yín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ẹ gbọ́dọ̀ padà kí aago méjìlá tó lù. Ẹgbẹ́ tí máàpù rẹ̀ bá péye jù, tiwọn ni a máa gbé sára ògiri, pẹ̀lú orúkọ wọn nísàlẹ̀."

Ariwo tún sọ. Sàfúrátù kò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó ń fọkàn rìn ní gbogbo àdúgbò tó mọ̀, ó sì ń rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri, gàdàgbà-gadagba.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó wọ hìjáábù funfun ti sukúù, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ tíṣà àwọn. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Lùkúmọ̀n, tó ń ta tapólì ní Ìdúmàgbò, ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kiri ilé. "Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ," ló wí, ó sì jáde. Kò béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́, Sàfúrátù náà kò sì sọ fún un. Kò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ sukúù lè kan ọkùnrin tó ń gé tapólì fún àwọn ọlọ́jà.

Ní aago mẹ́sàn-án géérégé, Mísítà Herbert fun fèrè. Ọmọ méjìdínlógún tú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún omi.

Raymond ló gbé máàpù lọ́wọ́, ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní ìlà títì nìkan, tí kò lórúkọ kankan. Christabel, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti Jos, gbé pákó ìyàwòrán mọ́ àyà. Àǹtí Fọláṣadé, tíṣà eré ìdárayá, tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú fìlà pupa lórí, ó sì ti pa ẹnu rẹ̀ dé bí ẹni tó gba omi sẹ́nu.

"Mo ti wọn ìṣísẹ̀ mi ní kọ́rídọ̀," Raymond wí. "Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, mítà mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ tí mo bá ń kà."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà nínú àpòòwé tí Mísítà Herbert fún wọn: *Ní Pópó Àgùdà, ẹ wá ilé tí ẹyẹ méjì ń wo ara wọn lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ ọdún tó wà láàárín wọn.*

Wọ́n wá ilé yẹn títí. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn kan, wọ́n dé òmíràn, wọ́n ń na ọrùn wòkè. Ìyá àgbàlagbà kan tó fi apá lé ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ mà," Sàfúrátù wí, ó kúnlẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lẹ sọ nù sójú ọ̀run?"

Christabel, tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì dán, ló já ọ̀rọ̀ gbà. "Màmá, ẹyẹ ẹ dà?"

Sàfúrátù fi ìgunpá gún un. "Ẹyẹ *yín*," ló sọ sí i létí. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti bú sẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹyẹ tèmi Joanna! Ẹ kọjá sí òdìkejì títì kí ẹ tó wòkè. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, báwo ló ṣe máa rí orí ilẹ̀kùn?"

Wọ́n sáré kọjá. Lóòótọ́, lókè ilẹ̀kùn ilé ìyá náà gan-an, ẹyẹ méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ kọjú síra wọn, ọjọ́ ogbó ti mú ṣóńṣó ẹnu ọ̀kan lọ, 1894 sì wà láàárín wọn. Inú Sàfúrátù dùn débi pé ó fò sókè. Nígbà tó máa fi balẹ̀, Christabel ti fi pẹ́ńsù fa ìlà mẹ́wàá, ogún ìlà, àwọn ẹyẹ náà sì ti wà lórí pépà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fò.

"Ẹ gbé e wá kí n rí i," Màmá Joanna pè láti òkè. Christabel gbé e sókè. Ìyá náà wò ó. "Bàbá bàbá mi ló fọwọ́ mọ àwọn ẹyẹ yẹn. Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ dáa o."

Christabel gbá pákó rẹ̀ mọ́ àyà. Ọdún méjì ló ti lò nínú Ẹbúté Ìmọ̀, ẹnu géètì nìkan ló mọ̀ ní Èkó. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé báyìí ni ìta ṣe rí," ló ń wí bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi!"

Iṣẹ́ kejì ló kó wọn sí Ọjà Balógun. Oríta kan ni wọ́n ní kí wọ́n wá, níbi tí bàtà wà lápá kan, tí léèsì wà lápá kejì, kí wọ́n sì fi àmì sí i lórí máàpù. Raymond tẹjú mọ́ ìwé. "Ọwọ́ òsì la máa yà. Títì tààrà ni."

"Ọ̀nà yẹn ti di ọjà," Sàfúrátù wí. "Wọ́n ti to igbá dí i. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀tún."

"Títì wà níbí. O ò rí i ni?"

"Mo rí i lórí ìwé. Mi ò rí i nílẹ̀."

Raymond kò gbọ́. Ó wọ inú èrò lọ, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Léèsì tí wọ́n so kọ́ lókè ń gbá wọn lójú. Ẹnìkan ń fa Raymond lápá pé "Fáìn bọ̀ì, wá wọ èyí wò!" Aláàárù kan tó ru ẹrù tó ga ju ènìyàn méjì lọ já lu àárín wọn, ó ń pariwo pé, "Ẹ yàgò o! Ẹ yàgò lọ́nà!" Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Nígbà tí aláàárù fi kọjá, wọn ò rí Christabel mọ́.

Sàfúrátù kígbe. "Christabel!" Ariwo ọjà gbé ohùn rẹ̀ mì. Raymond yí po, ìwé máàpù ti rún lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìgbéraga ti kúrò lójú rẹ̀. "Ó wà lẹ́yìn mi," ló ń wí, "ó wà lẹ́yìn mi nísinsìnyí."

Sàfúrátù gun orí àpótí bàtà kan, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó wo orí èrò lọ rẹrẹẹrẹ. Ó rí fìlà pupa kan. Abẹ́ fìlà náà ni Àǹtí Fọláṣadé wà, ó ti di Christabel mú ní ọrùn ọwọ́ bí ẹni di àkùkọ mú, ó ń ju ọwọ́ kejì sí wọn. Kò la ẹnu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tó pọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún pé jọ, Raymond gbé máàpù fún Sàfúrátù. "Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ṣòfò." Ó yà sẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ máa mú wa lọ."

"Ọ̀nà kan ò wọjà," Sàfúrátù wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ di aṣọ mi mú."

Ó mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí iwájú rẹ̀ wà ní títì kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní òmíràn. Wọ́n kí onílé, wọ́n fo gọ́tà, wọ́n já síta, oríta bàtà àti léèsì sì wà níwájú wọn gbalaja. Raymond pariwo ayọ̀, ó sì fi àmì sí i kíá. Àmọ́ òun náà ló tún rí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbà kò sí lórí ìwé. Ó fi kọ́ńpáàsì rẹ̀ wò ó, ó fa ìlà rẹ̀ síbi tó yẹ. Sàfúrátù ń wo ọwọ́ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gba ibẹ̀ kọjá, òní ló kọ́kọ́ mọ ìhà tí ọ̀nà náà kọ sí.

"Kọ́ mi," ló wí.

"Ẹ jẹ́ ká máa rìn, màá kọ́ ẹ."

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n dé Ìdúmàgbò. Iṣẹ́ kẹta: *Ẹ wọn gígùn ìlà ṣọ́ọ̀bù yìí láti igun kan dé igun kejì.* Raymond fẹsẹ̀ lélẹ̀, ó ka ìkíní, ó ka ìkejì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù dí i. Ó yà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Oníbọ́tìnì kan na ọjà sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀rẹ̀, kò dé ìṣísẹ̀ ogún rí.

Bashiru àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà náà, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ kíláàsì òkè, ń bọ̀ láti òdìkejì. "Ẹ ṣì wà níbí?" Bashiru wí. "Àwa ti fojú wọ̀n ọ́n! Ọgọ́jọ mítà! Ó dìgbà!" Wọ́n sáré lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fojú wọ̀n ọ́n bíi tiwọn," Raymond wí. Àárẹ̀ ti mú un.

Sàfúrátù kò gbọ́ ohun tó wí. Ó ń wo òkè. Lókè gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà náà, wọ́n ta tapólì síta kí oòrùn má bàa pa ọjà: búlúù, ewéko, búlúù, òféfèé. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn láìsí àlàfo. Ó mọ ẹni tó gé wọn.

"Ẹ wá," ló wí. "Ẹ sáré wá!"

Àlàájì Lùkúmọ̀n wà lórí ìkúnlẹ̀, àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, tapólì tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí odò. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Sàfú! Ìwọ tí o ní sukúù lò ń lọ! Ṣé wọ́n lé yín jáde ni?"

"Rárá o, Dádì. Iṣẹ́ sukúù la wá ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ mi nìyí. Tíṣà wa nìyẹn."

Raymond dọ̀bálẹ̀ lórí tapólì. Christabel kúnlẹ̀. Àlàájì kí Àǹtí Fọláṣadé: "Ẹ káàbọ̀, tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Àǹtí kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó mi orí. Àlàájì wò ó pẹ̀lú àánú. "Ah. Ọlọ́run á wò yín sàn."

Àǹtí Fọláṣadé fi fìlà bo ojú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ gé gbogbo tapólì ìlà yìí. Báwo ni ẹnu ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó?"

"Ọ̀pá mẹ́rin," Àlàájì wí, kò ronú rárá. "Ọ̀pá mẹ́rin géérégé. Onílé kan náà ló kọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gé e dọ́gba-dọ́gba. Ta ló tún fẹ́ tapólì?"

"Gbogbo rẹ̀ ńkọ́, sà?" Raymond ti dìde jókòó, ojú rẹ̀ ti là. "Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló wà níbẹ̀ sà?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu mi nìkan ṣe é, ọmọ. Ẹ lọ kà á. Ẹni tó bá fẹ́ gé aṣọ kì í gé e lórí ohun tó gbọ́."

Wọ́n pín ara wọn. Sàfúrátù kà láti igun kan, Christabel kà láti igun kejì. Nígbà tí wọ́n pàdé, àròpọ̀ tiwọn jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Raymond ti dojú bo ìwé, ó ń ṣe ìṣirò: igba ọ̀pá ó lé méjìlélọ́gbọ̀n. Yáàdì kan ni ọ̀pá kan, ó sì sọ ọ́ di mítà. "Igba ó lé méjìlá!" ló kígbe. "Bashiru ní ọgọ́jọ!"

"Ẹ ń pariwo lórí ọ̀pá mẹ́rin," Àlàájì wí, ṣùgbọ́n ó ti gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wo ìwé náà. Sàfúrátù fi ìka hàn án. "Ṣọ́ọ̀bù yín rèé, Dádì. Ibí yìí ni àríwá." Bàbá rẹ̀ tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó fọwọ́ kan pépà náà.

"Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú!" Christabel kígbe.

Ohun tó kù, eré ni. Wọ́n sá, wọ́n fo gọ́tà, wọ́n yà fún aláàárù, Sàfúrátù níwájú, hìjáábù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí àsíá. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ ọ́n ń bi í pé, "Ọmọ Alátapólì, kí ló dé?" òun náà ń fèsì lórí eré pé, "Ire ni o! Ire ni!" Wọ́n já wọ géètì nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wó lulẹ̀ sórí koríko. Ẹgbẹ́ Bashiru ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń mu omi. Àwọn Sàfúrátù ló ṣe ìkẹrin.

"Mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?" Àǹtí Fọláṣadé bi Mísítà Herbert. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí wọn. "Tí ẹ bá tún sọnù mọ́ mi lójú ní Balógun, màá pa yín." Ó sì dì mọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà ti pa, Mísítà Herbert gbé tépù gígùn lọ sí Ìdúmàgbò lẹ́yìn ìsìn, ó fi wọn ìlà náà fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó dúró níwájú gbogbo sukúù.

"Igba mítà ó lé mẹ́rìnlá ni mo bá," ló wí. "Ẹgbẹ́ márùn-ún fojú wọ̀n ọ́n. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù nínú wọn fi mítà mọ́kàndínlógójì ṣìnà. Ẹgbẹ́ kan fi mítà méjì péré ṣìnà." Ó gbé ìwé kan sókè, ẹyẹ méjì ń wo ara wọn ní igun rẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Ẹni tó fún wa ní òṣùwọ̀n ni Àlàájì Lùkúmọ̀n, alátapólì, Ìdúmàgbò.* Sàfúrátù, ta ni Àlàájì yìí?"

Sàfúrátù dìde.

"Bàbá mi ni, sà."

"Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kíláàsì kẹta máa kọ́ ìwọ̀n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí Àlàájì wá kọ́ wa."

Raymond ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó gun orí àga, ó pariwo pé, "Àlọ-Àbọ̀ fún wa!" àwọn ọmọ bọ́dìn gbè é, àwọn tó ń tilé wá náà gbè é, títí Mísítà Herbert fi ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó tó ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kun ògiri náà. Christabel wà lórí àkàbà láti ìgbà tí agogo ìparí bá ti lù títí di àkókò oúnjẹ alẹ́, Raymond ń fi rúlà fa ìlà, Sàfúrátù ń pe orúkọ ọ̀nà, ó sì ti mọ àríwá láìwo kọ́ńpáàsì. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Wọ́n ń wọ́ tìrítìrí wá wo ilé wọn. "Ilé wa rèé! Wò ó, ilé wa rèé, lẹ́yìn mọ́ṣáláásí!"

Ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí bọ́dìn láti Ìlọrin dúró lẹ́yìn wọn, kò sí ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Sàfúrátù rí i. Ó mú un lọ́wọ́, ó fà á dé ibi tí ọgbà sukúù wà lórí ògiri, ó ki bùrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ilé ibùsùn yín nìyí," ló wí. "A ò tíì kun ún. Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

Ọmọ náà wo gbogbo agolo ọ̀dà tó wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Gbogbo rẹ̀," ló wí.